Ta Ló Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Padà Sínú Ọkàn?

Tí ẹ bá ti lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ rí, ẹ á ti rí i pé kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ so rọ́bà mọ́ apá yín lókè ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kò ní pẹ́ tí iṣan kan á yọ síta níbi tí apá ti ń ká, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá rò ó wò. Tó bá jẹ́ pé òkè ni ọkàn ti ń ta ẹ̀jẹ̀ wá, tí wọ́n sì so rọ́bà dí i lókè, ṣebí ìsàlẹ̀ rọ́bà ló yẹ kó gbẹ? Kí ló dé tó jẹ́ ìsàlẹ̀ rọ́bà gan-an ni iṣan ti ń wú? Orí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lónìí, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ọkàn ń ta ẹ̀jẹ̀ síta, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń gbà padà wálé ló ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ wíwú, iṣan tó ń lọ́ wọ́rọwọ̀rọ lẹ́sẹ̀ àti ikú òjijì mìíràn ti ń wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní apá yín. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ìka, òun ni mo máa pè ní iṣan àlọ, èkejì ń gbé e láti ìka padà sí ọkàn, ìyẹn ni iṣan àbọ̀. Iṣan àlọ wà nínú lọ́hùn-ún, ara ẹ̀ nípọn, ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ sì ń fi agbára wá, rọ́bà tí wọ́n so yẹn ò le tó láti dí i pa. Àmọ́ iṣan àbọ̀ tí wọ́n fẹ́ gún, abẹ́ awọ níhìn-ín ló wà, ara ẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n so rọ́bà báyìí ó ti pa dé. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa gba abẹ́ rọ́bà kọjá lọ sí ìka, kò ní rí ọ̀nà padà, á máa kún síbẹ̀. Ìyẹn ló fi ń wú nísàlẹ̀ tí kì í wú lókè.

Ká tó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká wo ọkàn fúnra ẹ̀ ná. Ó tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ ẹni tó ni ín, ti àgbàlagbà máa ń wọ̀n tó gíráàmù 250 sí 350, kò pọ̀ rárá fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gbọ́wọ́ lé àyà òsì tá a bá ń sọ̀rọ̀ ọkàn, ṣùgbọ́n àárín àyà ló wà, lẹ́yìn egungun pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà yẹn, láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ó kàn dagun ni, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ bọ́ sí apá òsì, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ń kan ìhà níbẹ̀, òun la fi ń rò pé òsì ni gbogbo ẹ̀ wà. Àpò kan yí i ká, omi díẹ̀ wà nínú àpò náà kí ó lè máa yọ̀ bó ṣe ń lù.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Yàrá òkè ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, yàrá ìsàlẹ̀ ń tì í jáde. Ògiri kan wà láàárín apá ọ̀tún àti apá òsì tí kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn torí ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń dàrú: ọkàn kì í ṣe pọ́ǹpù kan, pọ́ǹpù méjì ni, wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ra wọn tí wọ́n jọ ń lù lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ti ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ti òsì ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ló wà, torí náà yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ò nílò agbára rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, ògiri tiẹ̀ nípọn tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún, ẹran gidi ni. Síbẹ̀ iye ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń tì jáde, nǹkan bíi mílílítà 70 lẹ́ẹ̀kan tó bá lù. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́jẹ́ tí ọkàn ń lù bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ti fẹ́ẹ̀ tó lítà 5, iye ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà náà sì nìyẹn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo á ti lù tó bí ìgbà ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán inú ìwé da yín láàmú o. Ọ̀tún ọkàn máa ń wà lápá òsì bébà. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ẹni tó dojú kọ yín ni wọ́n yà, ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ ló wà níbi ọwọ́ òsì tiyín. Mo ti rí ọmọ sáyẹ́ǹsì tó ń kọ́ gbogbo ẹ̀ sórí lódì torí ohun kékeré yìí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó ṣàlàyé fún un.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, valve ni àwọn dókítà ń pè é. Méjì wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, méjì yòókù wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí sí, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá ò gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Ìró tí dókítà ń gbọ́ tó bá gbé kiní etí ẹ̀ yẹn lé yín láyà, ìró méjì méjì yẹn, ilẹ̀kùn tó ń pa dé ni. Èkíní ni ti ilẹ̀kùn àárín yàrá, èkejì ni ti ẹnu ọ̀nà àbájáde. Tó bá gbọ́ ariwo mìíràn láàárín wọn, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ò pa dé dáadáa tàbí kò ṣí tán. Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí: ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ọmọdé tí a fọwọ́ rọ́ tì, kòkòrò kan wà nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tó lè mú kí ara ọmọ náà wá máa bá ilẹ̀kùn ọkàn ara ẹ̀ jà lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn àárín yàrá apá òsì ló sì máa ń kọlù jù. Oògùn tó máa ń wò ó kò wọ́n, ká tètè gbé ọmọ lọ ni nǹkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ká tẹ̀lé e. Ó ti pín ọ́síjìn tó gbé wá fún ẹran ara níbẹ̀, ó ti kó atẹ́gùn ìdọ̀tí tí à ń mí síta. Ó wọ inú iṣan àbọ̀ tíntìntín kan, àwọn tíntìntín dara pọ̀ di èyí tó tóbi díẹ̀, wọ́n gba ojúgun, wọ́n gba ẹ̀yìn orúnkún, wọ́n gba itan, wọ́n wọ ikùn, nísàlẹ̀ ìdodo díẹ̀ ni ti ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti ẹsẹ̀ òsì ti pàdé tí wọ́n di iṣan ńlá kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2, inferior vena cava lorúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwọn dókítà, iwájú ọ̀pá ẹ̀yìn ló gbà lọ sókè. Kíndìnrín méjèèjì á da tiwọn sí i lọ́nà, ẹ̀dọ̀ á da tiẹ̀ sí i, bó bá ti la ẹran pẹlẹbẹ tó pín ikùn àti àyà níyà kọjá báyìí, yàrá òkè apá ọ̀tún ló kàn. Ti orí, ọrùn àti ọwọ́ méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè nínú iṣan ńlá mìíràn, superior vena cava, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀.

Láti ibẹ̀ ó gba ilẹ̀kùn ewé mẹ́ta bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ìyẹn tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, iṣan á pín wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ títí tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ní láti máa tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ló ti ju atẹ́gùn ìdọ̀tí sílẹ̀ tó sì kó ọ́síjìn tuntun. Ó wá gba ọ̀kan nínú iṣan mẹ́rin padà sí ọkàn, ṣùgbọ́n yàrá òkè apá òsì ni lọ́tẹ̀ yìí, ó gba ilẹ̀kùn ewé méjì bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, ìyẹn fi gbogbo agbára tì í sínú aorta, iṣan àlọ tó tóbi jù lára, ó di gbogbo ara. Ìrìn àjò yìí látòkè délẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń sinmi, bí ìṣẹ́jú kan ni.

Ṣé ẹ kíyè sí nǹkan kan? Ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò ní ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn púpọ̀ ni, síbẹ̀ iṣan àlọ ló gbà. Èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró kún fún ọ́síjìn, iṣan àbọ̀ ló sì gbà. Ibi tí wọ́n ti kọ́ wa ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ nìyẹn, wọ́n ní iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, iṣan àbọ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí. Rárá o. Ibi tó dorí kọ nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ń kúrò ní ọkàn, àlọ ni, èyí tó bá ń bọ̀ sí ọkàn, àbọ̀ ni, ohun yòówù kó gbé. Ọmọ inú oyún náà jẹ́rìí sí i: iṣan tó ń bọ̀ láti ibi ọmọ nínú okùn ìwọ́ ló ń gbé ọ́síjìn àti oúnjẹ wá fún un, iṣan àbọ̀ sì ni, torí ọ̀dọ̀ ọkàn ọmọ ló ń lọ.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Kò sí ẹ̀jẹ̀ búlúù lára èèyàn kankan. Ẹ wo síríńjì tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ yín, inú iṣan àbọ̀ ló ti wá tààrà, pupa ni, ó kàn dúdú díẹ̀ ju ti iṣan àlọ lọ ni, torí ọ́síjìn ẹ̀ ti dín. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ awọ tó sì ń ta padà ló ń jẹ́ kí iṣan dà bíi búlúù tàbí aláwọ̀ ewé lójú wa, àwọn tó ń ya àwòrán ìwé sì fi búlúù kun ọ̀kan kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ohun táwọn èèyàn ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti rú lójú. Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, kọ́ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀, pé ara ń mu ẹ̀jẹ̀ yẹn tán ni, kò padà síbì kankan, ó tún ní ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí wà nínú ògiri àárín ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ́ gbà láti ọ̀tún sí òsì. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kò sí ihò níbẹ̀ ni Ibn al-Nafis, ọmọ ilẹ̀ Síríà tó ṣe dókítà ní ìlú Káírò, ó kú ní 1288. Ó ní ògiri yẹn le, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé apá òsì. Ó sọ òótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tàn ká tó bó ṣe yẹ.

Ní 1603, Fabricius tó ń kọ́ni ní Padua nílẹ̀ Ítálì tẹ ìwé kan jáde tó fi ya àwòrán àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan àbọ̀. Ó rí wọn, ó yà wọ́n dáadáa, àmọ́ ó rò pé ńṣe ni wọ́n ń dín eré ẹ̀jẹ̀ kù kó má baà ya lọ sí ẹsẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ẹ̀ kan, William Harvey ará Gẹ̀ẹ́sì, ló wá rí i pé ọ̀dọ̀ ọkàn ni gbogbo ilẹ̀kùn yẹn ṣí sí. Harvey ò fọ̀rọ̀ lé àfẹnusọ o, ó ṣe ìṣirò. Ó ní tẹ́ ẹ bá fi iye ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣe ìlọ́po iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìdajì wákàtí, iye yẹn á ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára lọ. Oúnjẹ wo ni ẹ̀dọ̀ fẹ́ fi ṣe ìyẹn ní ìdajì wákàtí? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí ká, kò sí àlàyé mìíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1628. Ohun tó kù tí kò rí ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò nínú iṣan àlọ bọ́ sínú iṣan àbọ̀, ó kú ní 1657, ìgbà tó di 1661 ni Malpighi, oníṣègùn ará Ítálì, fi maikirosíkóòpù rí àwọn iṣan tíntìntín yẹn nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ohun tí Harvey ṣe, kò gba owó kankan. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀ sísàlẹ̀ títí tí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ á fi yọ. Ẹ fi ìka kan tẹ ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀ nítòsí ọmọ ìka, ẹ má gbé e kúrò. Ẹ wá fi ìka mìíràn fa ẹ̀jẹ̀ inú iṣan yẹn lọ sápá ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ wá gbé ìka kejì yìí kúrò. Iṣan yẹn á wà ní pẹlẹbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè ò ní lè sọ̀ padà torí ilẹ̀kùn ti pa dé. Ẹ wá gbé ìka àkọ́kọ́ kúrò: ojú ẹsẹ̀ ló máa kún, láti apá ìka wá. Mo fẹ́ràn kí n máa fi èyí han àwọn ọmọdé, torí wọ́n máa ń fojú ara wọn rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé wọn.

Ọ̀kan tún wà tí mi ò lè fò. Ní 1929, ọ̀dọ́ dókítà kan ní Eberswalde nílẹ̀ Jámánì, Werner Forssmann, gún iṣan àbọ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ ara ẹ̀, ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65 wọlé, ó ń tì í lọ, ó ń tì í lọ, ó wá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sí yàrá ẹ́síréè pẹ̀lú rọ́bà náà lára ẹ̀. Àwòrán fi hàn pé ẹnu rọ́bà ti wà nínú ọkàn, lápá ọ̀tún. Wọ́n bínú sí i nígbà yẹn, àmọ́ ní 1956 òun àti àwọn méjì mìíràn, Cournand àti Richards, jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ìdí tí dókítà òde òní fi lè gba inú iṣan yẹ ọkàn wò láìla àyà nìyẹn. Ohun kan náà ló fi jẹ́ pé tí nọ́ọ̀sì bá fa omi sí yín lọ́wọ́, oògùn inú ẹ̀ á dé ọkàn kíákíá: iṣan àbọ̀ ò ní ibòmíràn tó ń lọ. Oògùn oníhóró tí à ń gbé mì kì í tètè dé bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìfun kì í lọ sí ọkàn tààrà, iṣan kan ń kó o lọ sínú ẹ̀dọ̀ ná, ẹ̀dọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ apá kan nínú oògùn náà di nǹkan mìíràn kó tó jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí àgbo àti oògùn tí a mu ní àmujù fi máa ń kọ́kọ́ pa ẹ̀dọ̀ lára.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Nígbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára tó fi tì í tó bíi 120, nọ́ńbà òkè tẹ́ ẹ máa ń rí tí wọ́n bá wọn bíípì yín nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó bá fi la àwọn iṣan tíntìntín kọjá tán, agbára tó kù lẹ́yìn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 15 lọ, ẹnu yàrá òkè apá ọ̀tún sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tó dúró lórí ìdúró wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ní láti gòkè ju mítà kan lọ. Kí ló ń gbé e gòkè?

Ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ ni. Àwọn iṣan àbọ̀ tó tóbi lẹ́sẹ̀ wà láàárín ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ẹran kíki yẹn tó máa ń le tẹ́ ẹ bá gbé gìgísẹ̀ sókè. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀, ẹran yẹn á ki, á fún iṣan tó wà láàárín ẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tó o bá fi eyín gé ẹnu piọ́wọ́tà tó o sì fi ọwọ́ fún un, ẹ̀jẹ̀ á ta lọ sókè torí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti pa dé, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ ẹran á dẹ̀, iṣan á tún kún láti ìsàlẹ̀. Àwọn dókítà kan ń pe ẹran yìí ní ọkàn kejì, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Tẹ́ ẹ bá dúró gbagidi láìmira, ìfúnpá inú iṣan àbọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ á gòkè dé nǹkan bíi 90. Ẹ rin ìgbésẹ̀ díẹ̀, á já wálẹ̀ sí bíi 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Èémí náà ń ṣiṣẹ́: tẹ́ ẹ bá mí sínú, àyà á fẹ̀, ìfúnpá inú ẹ̀ á dín, ti ikùn á lé, ẹ̀jẹ̀ á wọ́ láti ikùn sí àyà. Ká má gbàgbé pé ó ju ìdajì gbogbo ẹ̀jẹ̀ wa tó máa ń wà nínú iṣan àbọ̀ nígbàkígbà, ó lè tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí ara wọn rọ̀, wọ́n lè fẹ̀ gba púpọ̀.

Èyí ló fà á tí ọmọ ilé-ìwé fi ń dákú lórí ìlà àárọ̀, tí sójà fi ń ṣubú níbi pàrèédì. Kì í ṣe ebi nìkan tàbí oòrùn. Wọ́n dúró ṣánṣán, ẹran ojúgun ò ṣiṣẹ́, ó lè ju ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tó máa kó sí ẹsẹ̀, èyí tó ń padà sí ọkàn á dín, èyí tó ń lọ sí ọpọlọ náà á dín. Bó bá ṣubú tó nà gbalaja sílẹ̀, ara ẹ̀ ti ń tọ́jú ara ẹ̀ nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ò nílò láti gòkè mọ́. Àwa wá máa ń sáré gbé e dìde, a ó gbé e jókòó sórí àga, a ó máa da omi sí i lójú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú wá kàn. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń wú pọ̀, tẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó jìn, ó lè jẹ́ oyún, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, àní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bí amlodipine lè fà á. Ó sì lè jẹ́ ọkàn. Bí pọ́ǹpù apá ọ̀tún bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara ò rí ibi wọ̀, á ká sẹ́yìn, omi á máa jò bọ́ sínú ẹran ara, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hàn sí torí òun ló wà nísàlẹ̀, iṣan ọrùn náà lè wú. Bí ti òsì bá rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi á kó sí, ẹni náà ò ní lè dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ kó mí dáadáa, á máa to ìrọ̀rí lé ìrọ̀rí. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ló wà nídìí púpọ̀ nínú ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ní ẹnì kan tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e kiri láti ilé kan sí èkejì fún oṣù mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni ò wọn bíípì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín jù ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú lójijì, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, tó gbóná. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan àbọ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tó ń lo àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan, ẹni tó jókòó sójú kan nínú bọ́ọ̀sì láti Èkó dé Kánò tàbí nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má fi omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ yẹn, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi ìpara fọwọ́ ra á kíkankíkan, torí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já. Tó bá já, ẹ̀yin náà ti mọ ọ̀nà tó máa gbà báyìí: itan, ikùn, yàrá òkè ọ̀tún, yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó di ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ sì ni ibi tóóró àkọ́kọ́ tó máa bá pàdé, ibẹ̀ ló máa há sí. Èémí á má délẹ̀, àyà á máa dunni, ẹni náà lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó wú lójijì, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe lọ́la. Lórí ìrìn àjò jíjìn, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, tí ọkọ̀ bá dúró ẹ sọ̀ kalẹ̀ rìn.

Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ló máa ń gba ọpọlọ lọ. Nínú oyún, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ò tíì máa mí, torí náà ihò kan wà nínú ògiri láàárín yàrá òkè méjèèjì tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn ìbí ó máa ń pa dé, àmọ́ ní nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin, kò lẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní mọ̀ títí ayé, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì lè gbabẹ̀ yọ́ kọjá sí òsì.

Iṣan tó máa ń lọ́ wọ́rọwọ̀rọ tó ń yọ síta lẹ́sẹ̀ ní tiẹ̀, ilẹ̀kùn inú iṣan tó wà lábẹ́ awọ ló ti bà jẹ́ tí kò pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀ padà, iṣan ń fẹ̀. Àwọn tó ń dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń yọ lẹ́nu, tíṣà, onídìrí, nọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin tó ti bímọ púpọ̀ pẹ̀lú. Àwọn èèyàn máa ń bèèrè pé tí dókítà bá yọ irú iṣan bẹ́ẹ̀ kúrò, ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ máa wá gbà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣan abẹ́ awọ ò gbé ju ìdá kékeré lọ, àwọn tó wà nínú láàárín ẹran ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù, tí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ wọn.

Torí pé ara lè gbé láìsí iṣan abẹ́ awọ yẹn náà ni wọ́n ṣe ń yá a lò fún ọkàn. Ọkàn ò lè mu nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún inú yàrá ẹ̀, ó ní iṣan àlọ tiẹ̀, méjì ni, ìbẹ̀rẹ̀ aorta ni wọ́n ti yà, wọ́n sì máa ń kún jù nígbà tí ọkàn bá ń sinmi láàárín lílù méjì. Tí ọ̀rá bá dí wọn, ẹran ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní 1967, dókítà René Favaloro, ọmọ Ajẹntínà tó ń ṣiṣẹ́ ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà, mú iṣan àbọ̀ tó gùn jù lára, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ inú àtẹ́lẹsẹ̀ lọ dé ìbẹ̀rẹ̀ itan lókè, ó fi ṣe ọ̀nà àyípo fún ẹ̀jẹ̀ láti yẹ ibi tó dí sílẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá gé iṣan yẹn láti ẹsẹ̀, dókítà máa ń yí i po, orí ẹ̀ di ìdí, ìdí ẹ̀ di orí, kó tó rán an mọ́ ọkàn, torí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké yẹn ṣì wà nínú ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣí sí.